Ọmọ Aṣẹ́gità àti Èèpo Igi

Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Òwe yìí ni ó bọ́ sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ilé ẹni ni a ti ń jẹ èkúté onídodo, tí mo rí àga ìwàásù tí àwọn bàbá ìjọ dá owó gbẹ́, tí ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀, tí ikán sì ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, kìkì nítorí pé ìjọ ti ra tuntun tí ń kọ mànà. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Irú iṣẹ́ igi bẹ́ẹ̀ ní ìtàn nínú ìjọ ilẹ̀ wa. Ní 1947, Fáda Kevin Carroll àti Fáda Sean O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. George Bàńdélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, àti Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wà lára àwọn tí ó fi ọ̀bẹ àti òòlù sọ ìtàn Jésù fún wa, tí àwọn amòye ìlà-oòrùn fi dé adé, tí wọ́n sì wọ aṣọ bí ọba ilẹ̀ wa. Fákẹ́yẹ yìí náà ni ó fín ilẹ̀kùn ilé ìsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. (Ẹni tí ó bá ní Mùsùlùmí kò lè gbẹ́ ère Màríà, kí ó lọ wo ọwọ́ Lámídì.)

Àwọn Òyìnbó pàápàá jìyà àìnáání. Ní 1566, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fọ́ ère àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wómúwómú ní Nẹ́dálàǹdì. Lónìí, ní Utrecht, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ àtijọ́ tí a ń pè ní Catharijneconvent ni wọ́n kó díẹ̀ nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù sí, tí ọmọ Àgùdà àti ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì jọ ń sanwó wò.

Ọ̀nà tí ó tọ́ láti tọ́jú iṣẹ́ igi kò le. Ẹ má jẹ́ kí igi fara kan ilẹ̀, nítorí ikán. Ẹ má fi omi wẹ̀ ẹ́, aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ ti tó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ọ̀dà kun ún, nítorí ẹni tí ó bá kun ojú tí àgbà fín ti fi ojú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ agbẹ́gilére àti ọdún iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, Àgùdà tí ẹ ti ní bíṣọ́ọ̀bù tiyín láti 1969, àti ẹ̀yin ìjọ yòókù, ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Àga ìwàásù yẹn ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀.