Òòbẹ̀ Inú Ẹbọ Ìbò

Nínú odù Ọ̀ṣẹ́túrá ni Ifá ti sọ fún wa pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ń ti ìkọ̀lé ọ̀run bọ̀ wá sí ìkọ̀lé ayé, tí wọ́n lagbó Orò tí wọ́n sì lagbó Ọ̀pá, àwọn mẹ́rìndínlógún tí í ṣe ọkùnrin kò ka Ọ̀ṣun Ṣẹ̀ẹ̀gẹ̀sí, olóòyà iyùn, kún ẹni tí à á pè sí ìmọ̀ràn. Obìnrin náà dákẹ́, ó ń wò wọ́n níran, òjò kò rọ̀, àgàn kò tọwọ́ àlà bosùn, ẹbọ tí wọ́n ń rú kò fín, kò sì dà, títí wọ́n fi padà tọ Olódùmarè lọ, tí Ó sì bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún wọn ńkọ́? Agbára kò wọ́n àwọn alágbára wọ̀nyí. Iye wọn ni kò pé.

Iye tí kò pé yìí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò Millwall, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, nígbà tí Derek Beackon ti ẹgbẹ́ British National Party, ẹgbẹ́ tí ó ń wàásù pé kí á dá àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun padà síbi tí wọ́n ti wá, fi ìbò 7 péré di káńsẹ́lọ̀. Òun ní 1,480, Labour ní 1,473, Liberal Democrat náà sì kó 1,284 lọ fún ara tirẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún ọdún 1994, ìbò Beackon tún pọ̀ sí i, síbẹ̀ ó ṣubú, nítorí pé àwọn tí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́sí tú síta.

Àwọn kan ń sọ pé àgàbàgebè ni kí ènìyàn fi ìbò rẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò yàn, kí ẹni burúkú má bàa wọlé. N kò gbà. Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Babaláwo kì í sì í bi ẹni tí ajogun dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé ẹran wo ni ó wù ú láti fi rúbọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ náà padà dé iwájú Ọ̀ṣun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, kò kàn mi orí lásán. Oyún wà nínú rẹ̀, ó sì sọ ohun tí yóò mú kí ayé gún. Ọmọkùnrin tí ó bí ni Ọ̀ṣẹ́túrá, òun náà bá wọn jókòó, òun ni ó sì ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ẹni tí a bẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí ṣe rí ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, lẹ́yìn tí Front National, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún líle, ti ṣáájú ní ẹkùn 6 nínú 13 ní ìpele kìíní, àwọn Sósíálísì yẹ̀ kúrò lọ́nà ní àríwá, níbi tí Marine Le Pen ti ń dupò, àti ní Provence-Alpes-Côte d'Azur, níbi tí Marion Maréchal-Le Pen ti ń dupò, kí Xavier Bertrand àti Christian Estrosi, tí wọ́n jẹ́ alátakò àwọn Sósíálísì náà, lè wọlé. Wọ́n wọlé, Front National kò sì rí ẹkùn kankan gbà. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ kò fún ẹni tí ó yẹ̀ sílẹ̀ ní ìjókòó, nítorí náà àwọn Sósíálísì kò ní ẹyọ aṣojú kan nínú ìgbìmọ̀ ẹkùn méjèèjì títí di ọdún 2021. Ní ọdún náà, ní Provence kan náà, Jean-Laurent Félizia tí ó ṣáájú àwọn apá òsì tún yẹ̀ sílẹ̀ kí Renaud Muselier ti apá ọ̀tún lè borí Thierry Mariani ti ẹgbẹ́ Le Pen. Ó borí. Ọdún 2028 ni ìdìbò àwọn ẹkùn náà tún kàn, bí Muselier tàbí arọ́pò rẹ̀ bá sì tún lọ kanlẹ̀kùn àwọn apá òsì wọ̀nyí, n kò rò pé ó yẹ kí ó mú ọwọ́ lásán lọ.