Ta Ni Ó Ni Ìjọ Yìí?

Ẹsẹ Bíbélì: 2 Àwọn Ọba 12:4-15, 2 Kọ́ríńtì 8:16-21

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, Gwarinpa ní Àbújá ni mo sì ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ máa ń bi mí ní ìbéèrè méjì lẹ́yìn ìsìn. Èkíní: "Bàbá, owó tí a ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbo ló ń lọ?" Èkejì: "Bàbá, kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ máa jẹ́ Bàptíìsì, tàbí Áńgílíkà, tàbí Mẹ́tọ́díìsì, nígbà tó jẹ́ pé Jésù kan náà ni gbogbo wa ń sìn?"

Wọ́n rò pé ìbéèrè méjì ni. Lójú tèmi, ọ̀kan ṣoṣo ni. Krístì ló ni ìjọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwa ènìyàn, bí o bá fẹ́ mọ ẹni tí ìjọ kan jẹ́ tirẹ̀, wo ẹni tó ń dá owó rẹ̀, kí o sì wo ẹni tó ń gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti yàtọ̀ síra, ìjọ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Àpótí tí wọ́n dá ihò sí

Nígbà ayé Jóáṣì ọba Júdà, àwọn àlùfáà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti fi tún ilé Olúwa ṣe. Ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ibi tó ya lára ilé náà ṣì ya síbẹ̀. Bíbélì kò sọ pé àwọn àlùfáà jí owó. Ohun tó sọ ni pé owó ń wọlé, iṣẹ́ kò sì ṣe. Ọba kò torí ìyẹn lé àwọn àlùfáà kúrò nínú tẹ́ḿpìlì, kò sì sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má dáwó mọ́. Jèhóíádà àlùfáà mú àpótí kan, ó dá ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó bá ń wọlé. Nígbà tí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á gòkè wá, wọn á dì í sínú àpò, wọn á kà á, wọn á sì fi lé àwọn alábòójútó iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni méjì ló ń kà á. Ọ̀kan jẹ́ ará ilé Olúwa, èkejì wá láti ìta.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sáré ka ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún fún mi, níbi tí a ti gbọ́ pé wọn kò bá àwọn tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ ṣírò nítorí pé wọ́n jẹ́ olóòótọ́. A ti fi ẹsẹ yẹn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́ nínú ìpàdé ìjọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹsẹ kẹwàá kí ẹ tó dé ibẹ̀. Kí owó náà tó kúrò nínú tẹ́ḿpìlì, ẹni méjì ti kà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ó wọlé sí, kó gbójú sókè wo ògiri. Nígbà tí nǹkan ti hàn kedere báyìí ni ìgbẹ́kẹ̀lé wá sí i.

Pọ́ọ̀lù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kó ọrẹ àwọn ìjọ Makedóníà àti Ákáyà jọ fún àwọn ẹni mímọ́ tó jẹ́ tálákà ní Jerúsálẹ́mù, kò sọ pé, "Àpọ́sítélì ni mí, ẹ fọkàn tán mi." Ó rán Títù, ó sì fi arákùnrin mìíràn tì í, ẹni tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn. Ó sọ ìdí rẹ̀ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀sùn kan kà sí wọn lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ owó náà. Ó ń wá ohun tó tọ́ níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn pẹ̀lú. Nítorí náà, olórí tó bá ń sọ pé "Ọlọ́run nìkan ló lè bi mí", ìdajì ẹsẹ náà ló kà. Ẹ sì rántí Jòhánù 12:6. Nínú ẹgbẹ́ tí Jésù fúnra rẹ̀ yàn, ẹni tó ń di àpò mú ń jí nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa kọ́ ní Èkó

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lójú wa. Henry Venn, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 di 1872, kọ́ni pé ó yẹ kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kó ṣàkóso ara rẹ̀, kó sì tan ìhìnrere fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Wọ́n dáwó, wọ́n kọ́lé ìsìn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n rí i pé wọ́n gbà wọ́n láyè láti dáwó ju bí wọ́n ṣe gbà wọ́n láyè láti sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ wo àwọn Bàptíìsì. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì wọn àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, owó tó ń wá láti ọ̀hún já, àwọn ọmọ ìjọ níbí ló sì kù tí wọn kò jẹ́ kí iná kú. Ní 1888 ìjà wá ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ Bàptíìsì ní Èkó. Ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nínú ohun tó dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín Moses Ladejo Stone, pásítọ̀ ọmọ Yorùbá, àti míṣọ́nnárì W. J. David. David yọ Stone níṣẹ́ láì bi ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ bá jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, ìjọ tó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tí wọn kò ṣe. Wọn kò kọ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n ti gbà. Bàptíìsì ni wọ́n lọ, Bàptíìsì ni wọ́n sì wà. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni David Brown Vincent, ẹni tó pa orúkọ òyìnbó yẹn tì ní 1894 tó di Mojola Agbebi. Nígbà tí ìhà méjèèjì padà jókòó pọ̀ ní Ìbàdàn ní 1914, tí wọ́n dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀, Agbebi yìí náà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ìbínú wọn ní ìdí, ó sì ní òpin.

Ní 1901, ó kan ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó. Àwọn aláṣẹ ìjọ Áńgílíkà fẹ́ kí James Johnson fi ìjọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn tó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ kò sì gbà. Wọ́n jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n ti ń dáwó sí, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ African Church. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, fi oko kòkó rẹ̀ ní Agége ti iṣẹ́ ìjọ tuntun náà lẹ́yìn.

N kò sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè lọ ya ìjọ. Ìjọ tó ti ya pọ̀ tó. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé orúkọ tí ẹ ń fi ṣeré yìí, àwọn kan sanwó rẹ̀, wọ́n sì bèèrè bí wọ́n ṣe ná an. Ẹni tó ń dáwó láì ní ohùn nínú ìjọ, àga ló háyà.

Gwarinpa lónìí

Ní ẹ́sìtéètì wa yìí tí Federal Housing Authority kọ́, láti First Avenue dé Seventh Avenue, ilé ìsìn kò wọ́n. Òmíràn wà nínú gbọ̀ngán, òmíràn wà lábẹ́ kánópì. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní Àbújá á wo èyí tó súnmọ́ ilé àti èyí tí orin rẹ̀ dùn. Kò burú. Nígbà tí àkókò ọrẹ bá tó, nọ́ńbà àkáǹtì á jáde lára ògiri, á fi fóònù rẹ̀ ṣe tránsífà, ó parí. Ọmọ mi, ṣé o ka orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà? Ìjọ tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ CAC ní Maitama ní àwọn alábòójútó tí òfin mọ̀, orúkọ ìjọ ló sì yẹ kó wà lórí àkáǹtì. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni, rọra lọ bèèrè ìdí rẹ̀.

Ní ti àwọn ìjọ àtijọ́, ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù ni owó tí a ń fi ránṣẹ́ sí olú-ìjọ. Òrùlé wa ń jò, a ṣì ń fi owó ránṣẹ́. Mo máa ń gbèjà owó yìí. Òun ló ń ran pásítọ̀ abúlé lọ́wọ́, níbi tí ọrẹ oṣù kan kò lè ra àpò sìmẹ́ǹtì. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ilé ẹ̀kọ́ ìsìn dúró, bí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898. Ìjọ tó dá dúró lórí ẹsẹ̀ kan kò lè ṣe é. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere.

Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ń gbèjà yìí náà ni mo fi ń bèèrè. Àwọn ìjọ wa ti dá yunifásítì sílẹ̀, Bowen ní Ìwó, Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, ohun ayọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń dáwó nínú ìjọ ni kò lè san owó iléèwé irú ibẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Ó yẹ kí ẹnìkan ṣàlàyé fún ìyá yẹn. Mo ti wà nínú ìjọ kan rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí a ti dáwó jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láì gbọ́ ìṣirò ti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bèèrè, wọ́n ní ó ń bá ẹni àmì òróró jà. Ní ẹ̀kẹta, àwọn ènìyàn kò jà mọ́. Wọn kàn dẹ́kun wíwá ni.

Bí a kò bá bi ara wa, àwọn mìíràn á bi wá. Òfin CAMA tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ní orí 839, tó fún Àjọ CAC láyè láti dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ dúró bí ìwà àìtọ́ tàbí ìṣowó-báṣubàṣu bá wà. Ẹgbẹ́ CAN pariwo, mo sì bá wọn pariwo, nítorí n kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba wá yan alàgbà fún wa. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ilẹ̀kùn tí ìjọba fẹ́ gbà wọlé, àwa la ṣí i sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí

Èkíní, ẹ máa dáwó. Ẹni tí kì í dá owó tó sì ń bèèrè ìṣirò, aríwísí lásán ni. Ọwọ́ olúwa fúnni ló ń lékè.

Èkejì, ẹ máa lọ sí ìpàdé ìjọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé owó, ibẹ̀ náà ni àga ti máa ń ṣófo. Ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lórí ìdúró tàbí lórí ìkúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, ẹ fi ara yín sílẹ̀ láti ṣe ọ́dítọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni, bí orin kíkọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú fẹ́lóṣíìpù yín. Kí ẹni méjì máa ka ọrẹ. Kí akápò ka ìwé owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín ní òpin sáà, kó sì fi ìwé lé ẹni tó gbapò rẹ̀ lọ́wọ́, títí kan owó tó kéré jù. Akápò ìjọ ní ogún ọdún sí i wà láàárín yín nísinsìnyí. Ohun tó bá mọ́ ọn lára lórí ọrẹ kékeré, òun ni yóò gbé dé ìdí ti ńlá.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ fi ìjọ tí ẹ ti dàgbà sílẹ̀, ẹ má yọ́ lọ. Ẹ sọ ohun tó ń dùn yín fún àwọn àgbà kí ẹ tó lọ. Bóyá ọ̀rọ̀ yín ni Olúwa yóò fi tún ibi tó ya ṣe.

Kí Olúwa tó ń jókòó dojú kọ àpótí ọrẹ, tó rí owó wẹ́wẹ́ méjì opó, fún wa ní ọwọ́ tó ń fúnni àti ọkàn tí kò ń sá fún ìṣirò. Kí ó sọ yín di ọmọ onílé nínú ilé Rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.