Orúkọ tí a ń fi bo ìmutípara



Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ìwà. Ìwà tí a bá fún ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò fi orúkọ náà bojú, yóò sì máa wọlé tọ̀ wá bí ẹni mímọ̀.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń pe ìmutípara ní àdúgbò wa. Ní Ajégúnlẹ̀, ẹni tí ó mutí títí ilẹ̀ fi mọ́, fàájì ni a ní ó ṣe. Lẹ́bàá èbúté Àpápá, awakọ̀ tírélà a máa mu paraga kí ó tó di ọkọ̀ mú. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni òun mu, oògùn ara ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọtí líle ni wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi náà sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú mọ ọgbọ́n yìí: wọn a máa pe ẹni tí ọtí ń gùn ní merry, èyí tí í ṣe aláyọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò purọ́ fún wa. Yorùbá a máa wí pé, “Ọtí ń pa á.” Pípa ni wọ́n wí, wọn kò wí pé ó ń gbádùn. Nígbà tí a túmọ̀ ìwé Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sí àwọn ará Gálátíà, ìmutípara ni a kọ, ìréde-òru sì tẹ̀lé e. Òkùnkùn wà nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀. Intoxicate tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí ti inú èdè Látìn wá, láti ara toxicum, èyí tí í ṣe májèlé. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríkì ni Látìn sì ti gbà á, láti ara oró tí wọ́n ń fi sí ẹnu ọfà. Revel, tí wọ́n fi ń pe àríyá aláriwo, ti ara rebellare wá, èyí tí í ṣe láti ṣọ̀tẹ̀. Oró àti ọ̀tẹ̀: orúkọ tí ó yẹ ẹ́ nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àrùn àràmàǹdà ni a kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò, a rí i pé májèlé methanol ni ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Orúkọ òtítọ́ ni ó fi ohun tí ó yẹ kí a sá fún hàn wá.

Ẹnìkan lè wí pé, “Fádà, orúkọ lásán ni, ọtí kò yí padà nítorí orúkọ.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Tọ́máàsì Mímọ́ ti Àkúínò, ẹni tí ó kú ní 1274, kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ̀ pé ohun mímu náà le kò dẹ́ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ka ọ̀ràn Nóà. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń mu àmujù, tí kò sì rò pé yóò pa òun, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ dájú, tí ó sì yàn án, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ikú. Ìmọ̀ ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ń pe paraga ní agbo ńkọ́? Ǹjẹ́ Nóà ni òun náà? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Nóà kò mọ̀; òun mọ̀, ó sì fi orúkọ bo ìmọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Àìmọ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe kì í ṣe àwíjàre.

Èmi kò bá ọtí fúnra rẹ̀ jà. Olúwa wa sọ omi di wáìnì ní Kánà, wáìnì sì ni à ń gbé sórí pẹpẹ ní Mísà. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn kan wà láàrin wa tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ran ẹni tí ń ṣe fàájì lọ́wọ́? Àyàfi ẹni tí ó bá wí pé, “Ọtí ń pa mí.”

Nítorí náà, ẹ má ṣe wá síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wí pé ẹ ṣe fàájì díẹ̀. Ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí a bá dárúkọ ni a lè kọ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá mutí tí ó sì fẹ́ di ọkọ̀ mú, ẹ má ṣe bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ajé tí ó sì gúnlẹ̀ sí ọwọ́ yín ní ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí ó dé ilé, kí àwọn ọmọ rí i jẹ.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ètè tí ń sọ òtítọ́ àti ọkàn tí kì í tan ara rẹ̀ jẹ. Àmín.