Ẹ̀bùn Tí Ọwọ́ Ọmọ Kò Tó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ wá, mo sì fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: bí ènìyàn bá pèsè ohun rere fún àwọn ọmọdé láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbé e sí ibi tí ọmọ tí ó ṣe aláìní jùlọ kò lè dé, ǹjẹ́ a lè wí pé ó fún ọmọ náà ní nǹkan? Àwọn àgbà wa sọ ọ́ pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí a bá gbé oúnjẹ ọmọ sórí pẹpẹ, tí a sì ń kéde pé ọ̀fẹ́ ni, kí ni èrè ọmọ nínú ìkéde náà?

Ohun tí ó mú mi béèrè kò jìnnà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjọ kan ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, tí mo wà lára ìgbìmọ̀ rẹ̀, pinnu láti ran ìjọ kékeré kan lọ́wọ́ ní ìgbèríko ìhà Ẹ̀pẹ́. A gba olùkọ́ méjì, a ra ìwé àti ṣọ́ọ̀kì, a sì dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún. Inú wa dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìletò àwọn ará oko fọ́nká ní agbègbè náà: ìdílé mẹ́ta níbí, ìdílé márùn-ún lọ́hùn-ún, igbó sì wà láàárín. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí lọ́sàn-án, àwọn ọmọ oko a máa kó ara wọn jọ rìn padà sílé. Bí wọ́n bá dúró de ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ a ti fẹ́ ṣú kí wọ́n tó jáde. Ọ̀kadà nìkan ni ó kù, àwọn òbí wọn kò sì lè san owó rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà kọ̀wé sí wa pé kí a jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ kún owó iṣẹ́ náà. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ni mo dìde ní ìpàdé tí mo wí pé, ẹ̀kọ́ ni a ṣèlérí, a kò ṣèlérí ọkọ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ sì gbà pẹ̀lú mi.

Ní ìparí sáà kejì, a rán mi lọ wo iṣẹ́ náà. Mo ṣí ìwé tí a fi ń pe orúkọ. Orúkọ àwọn ọmọ oko wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta kò sí àmì kan níwájú wọn mọ́. Àwọn tí ó kù ni àwọn tí ilé wọn kò jìnnà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ oníṣòwò àti ọmọ olùkọ́, tí wọn ì bá ti rí ẹni kọ́ wọn nílé bí àwa kò tilẹ̀ wá. Ojú tì mí.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 ka àwọn ohun tí ó yẹ kí ọmọ rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀nà jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, wọn kò kéde ọ̀fẹ́ lásán. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ káàkiri, kí ọmọ abúlé lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ní Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1869 ni òfin ti fi àyè gbà á pé kí a fi owó ìlú gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Robert Raikes pẹ̀lú, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ ní Gloucester ní ọdún 1780, ọjọ́ tí ọwọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ dilẹ̀ ni ó mú. Ó wo ipò ọmọ kí ó tó yan àkókò.

Àwa tí a ń gbé Yábàá, Sùúrùlérè àti Mushin lè má tètè mọ ìnira yìí, nítorí pé bí ọmọ wa bá jáde sí ojú pópó, dánfó tàbí kẹ̀kẹ́ wà nítòsí. Síbẹ̀ àwa náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣòro fún wa ní ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, kí ni kí ọmọ oko ṣe?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, owó kò tó. Owó tí a ó fi gbé ọmọ kan láti ọ̀nà jíjìn yóò ra ìwé fún ọmọ mélòó kan tí ó wà nítòsí. Ṣé kò sàn kí a ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ju kí a ran ẹyọ kan lọ? Ọ̀rọ̀ yìí ní ipá, èmi kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tí ó ní àpò kékeré gbọ́dọ̀ ṣírò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dé òpin. Ọmọ kò yan oko tí a bí i sí. Bí a bá sì ń ka iye orí nìkan, ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò máa rí gbà nígbà gbogbo, ẹni tí ó jìnnà yóò sì máa jìnnà sí i, títí ìtọrẹ wa yóò fi di ohun tí ń fa àlàfo náà gbòòrò. Olùṣọ́-àgùntàn inú òwe Olúwa wa pẹ̀lú mọ ìṣirò. Ó mọ̀ pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ju ọ̀kan lọ, síbẹ̀ ó lọ wá èyí tí ó nù.

Èmi kò wí pé kí ìjọ tí kò ní lọ jẹ gbèsè. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a ka owó ọ̀nà mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a tó kéde. Bí owó kò bá tó fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a ṣe ọjọ́ méjì. Níbi tí àwọn ọmọ púpọ̀ bá wà ní ìletò kan, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ lọ bá wọn, nítorí owó ọkọ̀ ẹnìkan kéré sí ti ogún ọmọ. Bí àwọn ọmọ ni yóò wá, kí a wá awakọ̀ tí àwọn òbí mọ̀, kí ìjọ san owó fún un tààrà, kí ọmọ sì dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Kí a má sì ṣe pe orúkọ ọmọ kankan nínú ìjọ pé òun ni a ń san owó ọkọ̀ fún. Ọrẹ tí ó bá dójú ti ọmọ ti pàdánù ìdajì ire rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi níwájú ìgbìmọ̀. A dín ọjọ́ mẹ́ta kù sí méjì, a sì fi owó tí ó kù gba ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ oko padà wá. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà tí olùkọ́ rẹ̀ máa ń yìn fún ìfẹ́ ìwé. Nígbà tí a ránṣẹ́ sí ilé wọn, a ti fà á fún ẹnìkan ní ìlú láti máa bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Títí di òní, mo ń rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí arọ tí ọkùnrin mẹ́rin gbé lọ sọ́dọ̀ Jésù ní Kápánáúmù. Ìwòsàn wà nínú ilé náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́rin yìí kò bá gbé e, ìwòsàn ì bá wà nínú ilé kí arọ sì wà lórí àkéte rẹ̀. Olúwa wa kò wí fún wọn pé iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe ara ìwòsàn. Ìgbàgbọ́ wọn gan-an ni ó rí. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí yóò máa rántí ọ̀nà, àti èjìká tí kò ní kọ ẹrù.