Ìbéèrè Tí Ọlọ́run Kò Bi Ábẹ́lì

Ẹ kà: Gẹ́nẹ́sísì 4:8–16, Orin Dáfídì 23

Lórí òkè Blue Ridge, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, igbó ńlá kan wà tí à ń pè ní Shenandoah, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún tọmọdé tàgbà láti ọdún 1935. Inú rẹ̀ ni ọ̀nà Appalachian gbà kọjá, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gùn ju 3,000 kìlómítà lọ láti Georgia títí dé Maine, tí a fi ọ̀dà funfun sàmì sí lára igi kí àlejò má baà ṣìnà. Nínú igbó yìí ni a ti pa ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tí wọ́n pàgọ́ síbẹ̀ ní ọdún 1996, tí apànìyàn náà sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn ní ọdún 2002, a sì yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà ní ọdún 2004. Ọdún 28 kọjá lẹ́yìn ìpànìyàn náà kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó tún ẹ̀rí tí a ti kó pamọ́ yẹ̀ wò, tí àmì DNA sì tọ́ka sí ọ̀daràn kan tí ó ti kú sínú ẹ̀wọ̀n ní ọdún 2018. Lóòótọ́, àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà.

Nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, ohun tí ó kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu wa, àní àwa onígbàgbọ́ pàápàá, ni pé kí ni wọ́n ń wá nínú igbó. Ìbéèrè náà jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń gbé ẹ̀bi ẹni tí ó pani ru ẹni tí a pa. Ẹ wo ohun tí Ọba Adákẹ́dájọ́, Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, ṣe nínú ẹ̀kọ́ wa òní. Kò bi Ábẹ́lì léèrè ìdí tí ó fi bá arákùnrin rẹ̀ dé oko. Kéènì ni ó pè, Kéènì ni ó bi léèrè, orí Kéènì náà ni ó sì gbé ègún lé, kì í ṣe orí ilẹ̀ tí ó la ẹnu gba ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń dá rìn ní ọ̀nà Appalachian yẹn ní òwúrọ̀ yìí, tí ewé gbígbẹ dún lẹ́sẹ̀ àgbọ̀nrín tí àyà rẹ̀ sì já, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, nítorí Ọlọ́run ni ó ni igbó, apànìyàn kò ni ín. Kí ó sọ ọ̀nà tí yóò gbà àti àkókò tí yóò padà fún ará ilé rẹ̀, kí ó sì yà bí ọkàn rẹ̀ bá ní kí ó yà. Ìfura ni oògùn àgbà, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Onísáàmù kò sẹ́ pé àfonífojì náà ṣókùnkùn. Ohun tí ó jẹ́rìí sí ni pé òun kò dá nìkan wà níbẹ̀.

Lónìí, bí a bá gbọ́ nípa ẹni tí aburú bá lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí á kó ahọ́n wa ní ìjánu, kí á sì lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ tí kì í tòògbé, ṣọ́ gbogbo ẹni tí ń dá rìn, tu àwọn tí a pa ènìyàn wọn nínú, má sì jẹ́ kí á di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀. Àmín.