PÉTÉRÙ PADÀ SÍDÌÍ ÀWỌ̀N

Bíbélì kíkà: Jòhánù 21:1-14 àti Lúùkù 5:1-11.

Gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ òní kàn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn arákùnrin wa tí wọ́n ti fi etí omi sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì tún ń padà síbẹ̀ báyìí, kí wọ́n súnmọ́ iwájú díẹ̀. Ẹ mọ ara yín. Àwọn kan lọ gun zémidjan ní Kútọnu, àwọn kan lọ ta epo kpayo lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn mìíràn lọ sí Èkó tàbí Gàbóǹ. Nísinsìnyí wọ́n ti sọ àwọ̀n bàbá wọn kalẹ̀ láti òkè àjà, eku ti jẹ ẹ́, wọ́n sì ń yọ́ lọ sí etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní ìdájí kí ojú má baà rí wọn. Ìtìjú ni. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé, "Ṣé ibi tí ayé bá a dé nìyẹn?" Àní nínú ilé Ọlọ́run pàápàá, a máa ń gbọ́ ìwàásù tí ó sọ pé Pétérù ti ṣubú ní ọjọ́ tí ó ní òun ń lọ pẹja. Ìwàásù náà kò tọ́ lójú mi, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ó ti rí. Jésù ti jíǹde. Ó ti fara hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní Jerúsálẹ́mù, ó sì ti ránṣẹ́ sí wọn pé Gálílì ni wọn yóò ti rí òun. Wọ́n lọ, wọ́n ń dúró. Ṣùgbọ́n ikùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé Máàkù sọ fún wa pé Pétérù ní ìyá ìyàwó nílé. A jẹ́ pé ó ní aya, ó ní ilé tí yóò bọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Kí ó jókòó sábẹ́ igi kí ó máa rọ́ àlá? Ó dìde, Tọ́másì, Nàtáníẹ́lì, àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì àti àwọn méjì mìíràn sì bá a lọ. Ènìyàn méje. Láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn kò rí ẹyọ ẹja kan mú.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, Olúwa dúró ní etí omi. Ẹ wò ó dáradára: kò bá wọn wí. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ní nǹkan jíjẹ, ó sì fi apá ọ̀tún ọkọ̀ hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó ti dáná èédú sílẹ̀, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ní kí wọ́n mú nínú ẹja tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wá. Bí ìpẹja náà bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣé Olúwa yóò bèèrè ẹja ẹ̀ṣẹ̀ kí á fi kún ti orí iná rẹ̀? Àwọn kan a máa sọ pé lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ó bi Pétérù bóyá ó fẹ́ òun ju "ìwọ̀nyí" lọ, àwọ̀n àti ẹja ni ó ń tọ́ka sí. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ni ó bi í. Kò bi í pé kí ló gbé e dé orí omi.

Òkun Tìbéríà yìí kì í ṣe òkun oníyọ̀ bíi tiwa. Adágún omi dídùn ni, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 21, fífẹ̀ rẹ̀ tó 13, ó sì rẹlẹ̀ sí ojú òkun ńlá tó nǹkan bí mítà 210. Ní ìhà àríwá sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, omi yà wọ inú ilẹ̀ díẹ̀ ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Tabgha. Orúkọ náà wá láti inú èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí orísun méje. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ti inú àwọn orísun náà ṣàn wọ inú adágún, nítorí náà, nígbà òtútù, ẹja a máa kóra jọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ìjọ ti ń tọ́ka sí láti ìgbà pípẹ́ pé ó jẹ́ ibi tí Olúwa ti dáná. Apẹja kan wà ní etí adágún yẹn, Mendel Nun, tí ó kú ní ọdún 2010. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí iṣẹ́ àwọn apẹja ìgbà Jésù: àwọ̀n fífà, àwọ̀n jíjù, àti àwọ̀n onípele mẹ́ta. Ní ọdún 1986 pàápàá, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi fà sẹ́yìn, wọ́n rí ọkọ̀ ìpẹja àtijọ́ kan nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Gígùn rẹ̀ ju mítà 8 lọ díẹ̀.

Ẹja tí wọ́n ń pè ní ẹja Pétérù lónìí, ẹbí èpìyà wa ni. Irú rẹ̀ gan-an wà nínú àwọn odò ìhà tiwa níbí. Ó ń gbé ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sẹ́nu títí wọn yóò fi lè dá wẹ̀. Nínú èpìyà ọ̀sà wa, èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, akọ ni ó ń gbé ọmọ náà sẹ́nu. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin bàbá! Ẹja tí ó gbé ọmọ sẹ́nu kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ kó irú èyí, odindi ìdílé ni ó kó.

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń padà bọ̀. Omi tí ẹ fi sílẹ̀ kọ́ ni ẹ bá. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ẹnu omi Kútọnu sí òkun ní ọdún 1885 ni iyọ̀ ti ń wọ inú ọ̀sà: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a máa korò, nígbà tí odò Ouémé bá kún, láti oṣù kẹsàn-án lọ, omi a tún dùn, ẹja kan a lọ, òmíràn a dé. Ìyẹn ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko orí omi ti pọ̀ sí i, ìdọ̀tí ìlú ti pọ̀ sí i, ojú tí ń wá ẹja náà sì ti pọ̀ sí i. Nítorí náà, má ṣe fi ìgbéraga ọdún kìn-ín-ní wọ omi. Ibi tí omi mu ọ dé ìbàdí, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n jíjù. Ka òjé etí rẹ̀. Ibi tí òjé bá ti já ni ẹja ń gbà lọ. Má ṣe fi ẹsẹ̀ kan àkájà ẹlòmíràn: igi tí ó rì sínú omi yẹn, owó rẹ̀ ni ó fi ra á, olè ni ẹni tí ó bá pẹja nínú rẹ̀.

Kí o sì bèèrè. Pétérù ti ṣe iṣẹ́ náà dàgbà, síbẹ̀ ohùn kan dún láti etí omi, láti ẹnu ẹni tí kò tíì dá mọ̀, ó sì gbọ́. Bí ọmọdé kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n bá sọ fún ọ pé ẹja kò sí ní apá ibí yìí mọ́, bọ̀wọ̀ fún un, kí o yí àwọ̀n rẹ padà. Òun ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí o kò sí.

Àwọ̀n kan wà tí àwọn ará wa Ègùn ń pè ní medokpokonou, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ti tó ìwàásù! Ojú rẹ̀ wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọmọ edé pàápàá lọ. Ìjọba ti kà á léèwọ̀, síbẹ̀ a mọ ẹni tí ń dẹ ẹ́ lóru. Arákùnrin, má ṣe padà sí etí omi kí ìwọ nìkan lè rẹ́rìn-ín.

Nínú Lúùkù 5, ní ìpè àkọ́kọ́, àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí ya, ọkọ̀ méjì sì fẹ́ rì. Nínú Jòhánù 21, àwọ̀n kò ya, wọ́n sì ka ẹja náà: ńláńlá mẹ́tàléláàádọ́jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ fún iye yìí. Èmi rò pé ènìyàn méje ni wọ́n, wọ́n ní láti pín in. Ẹja tí a kò bá kà ni ìjà ń bá dé ilé. (Ìdámẹ́wàá, n kò sọ ti ìyẹn lónìí, ẹ mọ̀ ọ́n.)

Ẹ̀yin ìyá tí ń yan ẹja, bí ọkọ bá dé lówùúrọ̀ tòun ti agbọ̀n òfìfo, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú ọmọ. Òru òfìfo ṣẹlẹ̀ sí àpọ́sítélì méje. Ẹ bu omi gbígbóná fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, ti àwa tí a ń wọ aṣọ funfun lọ gbàdúrà sí etí omi. A kì í wọ bàtà níbẹ̀, apẹja náà kì í wọ̀ ọ́. Ìgò lọ́fínńdà tí a fọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ mímọ́, ẹsẹ̀ ta ni yóò gún lọ́la? Kí olúkúlùkù máa kó ìgò àti ọ̀rá àbẹ́là rẹ̀ padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Jésù Olúwa, ìwọ tí o dáná de àwọn tí kò rí nǹkan mú, rántí àwọn ọmọ rẹ tí yóò wọ omi ní òwúrọ̀ ọ̀la. Tún àwọ̀n tí eku jẹ ṣe ní ọwọ́ wọn. Mú ìtìjú kúrò lójú wọn, kí wọ́n lè gba ọ̀nà ọjà kọjá ní ojúmọmọ, pẹ̀lú àwọ̀n ní èjìká. Àmín.