TA LÓ WÀ LẸ́YÌN WA?

 

Bíbélì kíkà: Diutarónómì 22:8

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa níbí ní Texas ra tírélà ológun kan ní gbàǹjo. Kì í ṣe tírélà gbọọrọ tí ẹ mọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn o. Kékeré ni, kò ní ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. Tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ò bá nílò irú rẹ̀ mọ́, wọ́n máa ń tà á fún aráàlú. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa fi kó irinṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa fi bá ìjọ kó àga àti jẹnẹrétọ̀ lọ síbi ìwàásù ìta gbangba. Wọ́n ti sanwó. Wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá gbé e fún wọn, kí owó ìtanràn má bàa bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la, sà. Wákàtí mẹ́ta péré ni. Ṣebí a ti gbàdúrà sí i?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ajíhìnrere, àdúrà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo nǹkan."

Ohun tí wọ́n fi hàn mí pọ̀. Òrùka irin ńlá ló wà lórí tírélà ológun, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù irin ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tiwa. A ní láti wá ìkọ́ tó bá òrùka yẹn mu. Volt 24 ni iná àwọn ológun, 12 ni tiwa, pílọ́ọ̀gì wọn pàápàá yàtọ̀. Tí ẹ bá kàn so ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, gílóòbù ẹ̀yìn á máa ṣe bàìbàì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ̀gbà tí ẹ tẹ bíréèkì. Bíárìn inú àgbá táyà ńkọ́? Gíríìsì rẹ̀ lè ti gbẹ láti ọjọ́ tó ti wà lójú kan. Tó bá gbóná jù lórí eré, táyà lè yọ lọ. Ẹ̀gbọ́n ra ìkọ́, wọ́n ra iná mìíràn tí wọ́n máa so mọ́ ọn, wọ́n wá ṣéènì, jáàkì, gíríìsì àti táyà kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Inú mi ń ru. Mo rò pé ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n ni.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn la débẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà ní ìparí kóòdù DOT lára táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni 1809: ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2009. Táyà méjèèjì, ojú wọn ṣì nípọn dáadáa, ṣùgbọ́n oòrùn ti sán ẹ̀gbẹ́ wọn. Táyà kan ṣoṣo la gbé wá. Ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Mo ní, "Kò ní bẹ́ lónìí, ní orúkọ Jésù!"

Ẹ̀gbọ́n dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́: "Tó bá wá bẹ́, ta ló máa kọlù?"

Mi ò rí èsì fọ̀. A sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀gbọ́n san ìtanràn, wọ́n ra táyà kejì, wọ́n sì pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ọkọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé wa fún ọ̀nà tó jìn. Mo wo dígí. Ọmọ méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ọ̀kan ń sùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti yé mi. Àwọn ọmọ yẹn ò sí níbi àdúrà wa. Wọn ò ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n tí "ìgbàgbọ́" mi bá já lójú ọ̀nà, orí wọn ni ì bá já lé.

Olùfẹ́, ọ̀pọ̀ wa máa ń bèèrè pé: ṣé ìgbáradì kì í ṣe àìgbàgbọ́? Wo Bíbélì kíkà wa. Ọlọ́run kan náà tó ń ṣọ́ ilé ló pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé ṣe ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́rùn onílé. Kò sọ pé kí ó kàn gbàdúrà kí ẹnì kankan má jábọ́. Ìgbátí yẹn, ìfẹ́ ọmọnìkejì ni.

Ẹ̀tọ́ wà fún ọ láti fi nǹkan tìrẹ wewu fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ta ló fún ọ ní àṣẹ láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́, kí o wá pè é ní ìgbàgbọ́? Dáfídì kọ̀ láti fi ohun tí kò ná an ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa. Ìgbàgbọ́ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa san gbèsè rẹ̀, irú ẹbọ yẹn náà ni.

Mi ò sọ pé ká fi táyà tuntun ṣe Ọlọ́run o. A lè ṣe gbogbo ẹ̀ tán kí nǹkan ṣì ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbàdúrà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run fi sọ́wọ́ wa, ká má dá a padà fún un lórúkọ àdúrà. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Lónìí, wo ohun tí ò ń fà: bọ́ọ̀sì ìjọ tí bíréèkì rẹ̀ ń dún, wáyà tó ti hó nílé tí o fi háyà, jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé aládùúgbò. Bi ara rẹ pé: ta ló wà lẹ́yìn mi?

Àdúrà: Baba, dárí jì mí níbi tí mo ti pe ìkánjú ní ìgbàgbọ́. Fún mi ní sùúrù láti ṣe ohun tó yẹ, kí o sì bo ohun tí ojú mi ò tó. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí awakọ̀ kan tí ẹ mọ̀.